Orílẹ̀-èdè kan tó dé ẹnu ọ̀nà ogun abẹ́lé tó sì padà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní dárúkọ àwọn olórí rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀yà kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn lásìkò náà á ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà. Ohun tó jẹ́ kí n fi orúkọ sílẹ̀ ni pé bí a bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀yà méjì nínú ọ̀rọ̀ ìjà, ńṣe la máa ń mi orí bíi pé a ti mọ ohun tó fà á. A ó ní, "Ṣé àwọn yẹn? Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti fẹ́ràn ara wọn." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Òun ló ń mú wa gbà pé ogun abẹ́lé dà bí òjò: tó bá ti ṣú, kó rọ̀ ló kù.

Ohun tó ti wà nílẹ̀

Orílẹ̀-èdè náà wà ní Áfíríkà. Ogun ti jà nílé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ogúnléndé ń sá wá. Bí wọ́n bá ń ka ibi tí nǹkan ti rójú, wọ́n máa ń kà á mọ́ ọn.

Abẹ́ ìrójú yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà. Ìjọba amúnisìn ti gba ilẹ̀ ọlọ́ràá kan lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n pín in fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Nígbà tí òmìnira dé, ilẹ̀ náà kò padà sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títà ni wọ́n tà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rówó rà á, tàbí tó súnmọ́ ìjọba tó láti rí i gbà, sì wá láti ẹ̀yà mìíràn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní àtọ̀húnrìnwá. Àwọn náà ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti sin òkú síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ tó yẹ kéèyàn jókòó gbọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ọ.

Nígbà ìdìbò ọdún 1992 àti ti 1997, àwọn kan kó ọ̀dọ́ jọ ní agbègbè náà àti ní etíkun, wọ́n jó ilé àwọn tí wọ́n ń pè ní àtọ̀húnrìnwá, wọ́n lé wọn lọ kí wọ́n má bàa rí ibi dìbò. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ìgbìmọ̀ kọ ìwé, ìwé wọ inú àpótí. Kò sí ẹni ńlá kan tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Kí òǹkàwé fi ìka sí ibí yìí, torí mo máa padà sí i: àwọn olóṣèlú ti kọ́ pé èèyàn lè fi iná ṣe ìpolongo ìbò kó sì mú un jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Ní ọdún 2002, àwọn olóṣèlú láti oríṣiríṣi ẹ̀yà para pọ̀ láti lé ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti ìgbà òmìnira kúrò. Kí wọ́n tó dìbò, wọ́n kọ ìwé láàárín ara wọn: ẹ̀yin lẹ ó ṣe ààrẹ, àwa la ó ṣe olóòtú ìjọba, a ó pín ipò lọ́gbọọgba. Wọ́n wọlé. Ààrẹ gorí àga tán, ó gbàgbé ìwé. Ìwé náà kò sí nínú òfin, nítorí náà kò sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè gbé e lọ. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2007 fi máa dé, àwọn tí wọ́n jọ jó ní 2002 ti di ọ̀tá ara wọn. Ààrẹ sì ti yan àwọn tuntun sínú àjọ elétò ìdìbò láì bá alátakò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 1997 ni pé kí wọ́n jọ máa yàn wọ́n.

Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, ìkórìíra ẹ̀yà kò tíì dá iṣẹ́ kankan ṣe. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹjọ́ tí wọn ò dá, ìwà ọ̀daràn tí wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni níyà lé lórí, àti àdéhùn tí wọ́n fi nu ọwọ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà ka ogun abẹ́lé tó jà láyé láti ọdún 1945 sí 1999, wọ́n rí 127. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, iye ẹ̀yà tó wà ní ilẹ̀ kan kò sọ ibi tí ogun á ti jà. Òṣì ló ń sọ ọ́, àti ìjọba tí apá rẹ̀ kò ká ilẹ̀ rẹ̀, àti òkè gbágungbàgun tí ọlọ̀tẹ̀ lè sá sí. Ilẹ̀ tí ẹ̀yà púpọ̀ ti ń gbé pọ̀ láì jagun pọ̀ láyé ju èyí tó jagun lọ fíìfíì, àwọn tó ń gbé lálàáfíà ni kì í jẹ́ ìròyìn.

Ọjọ́ mẹ́ta

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 27 Oṣù Kejìlá ọdún 2007. Bí wọ́n ṣe ń kà á, alátakò ló ń léwájú, ó sì jìnnà. Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, àlàfo bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, èsì láti àwọn ibì kan sì ń pẹ́ kó tó dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30, ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò kéde ààrẹ tó wà lórí àga nínú yàrá kan tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ìjọba nìkan ló wọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, wọ́n ti búra fún un. Ìjọba tún ní kí ilé iṣẹ́ ìròyìn kankan má ṣe gbé ìròyìn sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀gá àjọ yẹn kan náà sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ò mọ ẹni tó wọlé.

Alátakò kọ̀, wọn ò lọ sílé ẹjọ́, torí pé ààrẹ ló yan àwọn adájọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú wọn nítorí èyí. Èmi ò lè bú wọn. Ẹni tí wọ́n ti fi ìwé tan jẹ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún ní kó lọ gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ yàn, ó ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ilẹ̀ gbaná. Láti òkèèrè, ó dà bíi pé ẹ̀yà kan dìde sí èkejì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí wá tú u wò, ìjà mẹ́rin ló dì pọ̀ síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìbínú àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá tí wọ́n gbà pé wọ́n ti jí ìbò àwọn gbé; wọ́n tiẹ̀ hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Èkejì ni ìkọlù tí wọ́n ti ṣètò ní agbègbè ilẹ̀ àtijọ́ yẹn, níbi tí wọ́n ti dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́jọ́ kìíní ọdún tuntun, pẹ̀lú àwọn obìnrin àti ọmọdé tó sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìgbẹ̀san tó wáyé ní ìparí Oṣù Kìíní. Ìbọn ọlọ́pàá sì ni ẹ̀kẹrin: nínú èèyàn 1,133 tí ìgbìmọ̀ kà pé ó kú, 405 ló kú ikú ìbọn. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní 300,000.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ làjà. Ìbínú ọ̀dọ́ ìlú lè rọlẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé àwọn olórí ń sọ̀rọ̀. Ìkọlù tí wọ́n ṣètò kì í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló lè dá a dúró, ó sì fẹ́ mọ ohun tó máa gbà. Ti ọlọ́pàá, àṣẹ ló ń fẹ́. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní "ìjà ẹ̀yà" á kó àwọn ọba àti àlùfáà jọ, wọ́n á gbàdúrà, iná á sì máa jó lọ.

Àlejò pọ̀, ìlàjà ò sí

Àlejò wá lóòótọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan tí gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún wá, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wá, àwọn ààrẹ tẹ́lẹ̀rí wá, alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà wá. Gbogbo wọn rí ààrẹ, gbogbo wọn rí alátakò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ àlejò kan ò bá ti tẹ́ ìhà kan lọ́rùn, wọ́n á kàn dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ilẹ̀kùn bá pọ̀ lára ilé, kò sẹ́ni tó máa jókòó sínú yàrá.

Ohun tí alága yẹn ṣe dáadáa jù ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lé àgbà mẹ́ta lọ́wọ́. Ọ̀kan ti ṣe akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ̀kan jẹ́ ààrẹ tẹ́lẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n, ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin kan tó ti ṣe mínísítà ní ilẹ̀ tí ogun abẹ́lé ti jà fún ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n dé ní ọjọ́ 22 Oṣù Kìíní ọdún 2008.

Ohun àkọ́kọ́ tí olórí wọn ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ó bá àwọn ìjọba òkèèrè àti àwọn ààrẹ àdúgbò sọ̀rọ̀ títí gbogbo wọn fi gbà pé tábìlì kan ṣoṣo ló máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ ran ìlú náà lọ́wọ́, ẹ̀yìn tábìlì yẹn ni kó dúró sí. Amẹ́ríkà ní òun ò ní fún ẹni tó bá ń dènà ìlàjà ní físà mọ́. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo físà: àwọn tó ń pàṣẹ ìjà ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lókè òkun.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó mú kí olórí méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ ní gbangba, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdìbò. Níbẹ̀ náà ni ààrẹ ti pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ìlú yàn, inú sì tún bí àwọn alátakò. Síbẹ̀ fọ́tò yẹn ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń gé ọ̀pá ní abúlé rí i pé àwọn tí òun ń torí wọn gé ọ̀pá ń rẹ́rìn-ín síra wọn.

Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kejì, wọ́n to ohun tí wọ́n máa sọ sí mẹ́rin: kí ìpànìyàn dúró, kí ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sá, kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀, òṣì, ìwé òfin, àti ìwà jẹgúdújẹrá ẹni tí òfin ò lè mú. Ẹni tó bá ti wà nídìí irú nǹkan báyìí á rí ọgbọ́n tó wà nínú títò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dìde níwájú kámẹ́rà kó ní òun ò fẹ́ kí ìpànìyàn dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹ̀kẹta tó le, wọ́n ti fọwọ́ sí nǹkan méjì pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n yìnbọn pa àwọn aṣòfin alátakò méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta síra wọn. Tábìlì mì. Kò dànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí

"Ta ló wọlé?" Ìbéèrè yìí ló dá wọn dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Ìhà kan ní kí alátakò gba èsì, èkejì ní kí ààrẹ fi àga sílẹ̀. Àwọn alárinà pe onímọ̀ nípa ètò ìdìbò kan wọlé. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣeé ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àtúnkà, àyẹ̀wò ìwé èsì, àtúndì ìbò. Ó sọ àkókò tí ìkọ̀ọ̀kan máa gbà àti ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ìlú tó ṣì ń jó. Kò sí èyí tó máa fún ẹnikẹ́ni ní òtítọ́ tó dájú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ìbò náà nígbà tó yá sọ ohun kan náà: wọ́n ti ba ìwé èsì jẹ́ débi pé kò ṣeé mọ ẹni tó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè yí padà di "báwo la ṣe máa jọ ṣe é?" Kò sẹ́ni tó jáwọ́ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìbéèrè ni wọ́n pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn aṣojú kúrò ní olú ìlú lọ sí ilé ìtura kan láàárín igbó ẹranko, níbi tí oníròyìn ò ti lè ká ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mínísítà kan láti Jámánì wá sọ fún wọn bí ẹgbẹ́ ńlá méjì tó ń bára wọn jà ṣe ń jọ ṣèjọba níbẹ̀. Àpẹẹrẹ yẹn wúlò torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀ aláìlera.

Síbẹ̀, wọ́n tún há. Àwọn aṣojú ń jà lórí gbólóhùn: ṣé olóòtú ìjọba á ní agbára gidi ni, àbí ipò lásán? Ìhà ìjọba ní ìwé òfin kò fàyè gbà á. Alátakò ní ìwé tí kò bá sí nínú òfin, àwọn ti fọwọ́ sí irú ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejì, olórí alárinà dá ìpàdé àwọn aṣojú dúró. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti bàjẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ àwọn tó ń rí èrè nínú líle kúrò láàárín, ó lọ bá olórí méjèèjì fúnra wọn. Ní ọjọ́ 28, wọ́n wọ yàrá kan: ààrẹ, olórí alátakò, òun, ààrẹ orílẹ̀-èdè aládùúgbò àti ààrẹ tẹ́lẹ̀rí ilẹ̀ yẹn kan náà. Ààrẹ aládùúgbò ṣàlàyé bí òun àti olóòtú ìjọba òun ṣe ń pín iṣẹ́ láì jẹ́ kí ipò ààrẹ dín kù. Láti ẹnu ẹni tó jókòó sórí irú àga kan náà, ọ̀rọ̀ náà wọlé. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé aṣòfin ti sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe nítorí rẹ̀.

Ìdí tí kò fi di ogun

Ìlàjà nìkan kọ́ o. Ọmọ ogun ilẹ̀ náà kò pín sí méjì; ìyẹn ló tóbi jù lójú tèmi. Ní Côte d'Ivoire, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, olórí méjì búra fún ipò ààrẹ lọ́jọ́ kan náà, àlejò wá títí, wọn ò gbọ́. Ogun ọdún 2002 ti pín ilẹ̀ náà, oníkálukú sì ní ológun tirẹ̀. Èèyàn bíi 3,000 ló kú kí wọ́n tó mú ọ̀kan nínú wọn ní Oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ní orílẹ̀-èdè tí à ń sọ yìí, ọ̀nà tó wá láti etíkun ni àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun fi ń gba epo, wọ́n sì ń pariwo. Àwọn oníṣòwò ńlá ń pàdánù, wọ́n lọ bá ìhà méjèèjì. Àwọn olórí fúnra wọn ní dúkìá tó lè jóná. Kò sí kùsà wúrà tàbí dáyámọ́ńdì kan nínú igbó tí ọlọ̀tẹ̀ lè fi bọ́ ọmọ ogun.

Àwa tí a ń ka Yorùbá mọ ìwé kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn olórí ológun Nàìjíríà jókòó ní Aburi ní Gáná fún ọjọ́ méjì, wọ́n fẹnu kò, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n délé tán, ìhà kọ̀ọ̀kan ka ohun mìíràn sínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n láti béèrè pé kí ni ẹ ní lọ́kàn gan-an. Nígbà tó di Oṣù Keje ọdún náà, ìbọn ti ń dún, kò sì dákẹ́ títí di Oṣù Kìíní ọdún 1970. Mi ò gbà pé ogun yẹn ti wà lójú ọ̀run kí wọ́n tó lọ sí Aburi.

Ohun tí alárinà lè mú níbẹ̀

Kí a tó béèrè ẹni tó kórìíra ta, ká béèrè ẹni tó ń bẹ̀rù kí ni. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ẹ̀rù tó ba alátakò ní ojú àti orúkọ: ìwé ọdún 2002. Alárinà tí kò bá mọ ìtàn ìwé yẹn á rò pé agídí ni wọ́n ń ṣe lórí gbólóhùn.

Ká tún wo ẹni tí àlàáfíà máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní Rwanda, ìjọba àti ọlọ̀tẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Arusha ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Àwọn kan tó wà nínú agbára rí i pé àdéhùn náà ni òpin àwọn, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ìpakúpa bẹ̀rẹ̀. Níbi tí à ń sọ yìí, ńṣe ni wọ́n fún àwọn alágídí ìhà méjèèjì ní ipò: mínísítà 40, láì ka àwọn igbákejì. Àwọn aráàlú fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tọ́ sí wọn, torí owó ìlú ni wọ́n ń ná. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní iye owó yẹn kéré sí ti ogun.

Ìyà ọ̀daràn ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ìwádìí fi orúkọ àwọn tí wọ́n fura sí sínú àpòòwé, ó dé ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé, wọ́n pe èèyàn mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tí wọ́n dá lẹ́bi. Méjì nínú wọn tó jẹ́ pé ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nígbà ìjà ṣe ìdàpọ̀, wọ́n sì jọ wọlé ìbò ọdún 2013. Àwọn aráàlú ẹ̀yà méjèèjì tí wọ́n ti pa ara wọn ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tò sórí ìlà kan náà láti dìbò fún wọn. Bí ìkórìíra ìbílẹ̀ bá ni okùnfà, níbo ló sá lọ lọ́jọ́ yẹn?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù kò pariwo. Ìwé òfin tuntun jáde ní ọdún 2010, wọ́n pín agbára sí ìpínlẹ̀ kéékèèké 47. Wọ́n tún ilé ẹjọ́ ṣe. Ẹni tó pàdánù ní 2013 lọ sílé ẹjọ́, ó sì gba ìdájọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kan náà fagi lé ìbò ààrẹ tó wà lórí àga. Ibi tí wọ́n ti ní àwọn ò lè lọ ní 2007 ti di ibi tí wọ́n ń lọ.

Ohun kẹrin nínú mẹ́rin tí wọ́n tò ní Oṣù Kejì ọdún 2008 ló ṣẹ́kù. Ẹni tó ń làjà máa ń sáré lọ ilé bí iná bá ti kú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí olóòtú ìjọba ń búra ní Oṣù Kẹrin ọdún 2008, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá kúrò ní agbègbè ilẹ̀ yẹn ṣì wà lábẹ́ àgọ́, àwọn kan wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìwé ilẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ àwọn kan lára wọn.